Ṣé kí n kun MGB mi kí n tó tà á?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, mo ti fẹ̀yìn tì, mo sì ń múra àtipadà sí Ìbàdàn. Mo ní MGB ọdún 1972, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tù olórùlé aṣọ, tí ó ti wà nínú gáréèjì láti ọdún mọ́kànlá, tí irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Mẹkáníìkì mi ní kí a fi pọ́tì dí àwọn ihò náà, kí a sì kùn ún ní ọ̀dà pupa tuntun, pé owó gidi ni yóò mú wá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. (Bàbá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kùn ún. Ẹni tí ó mọ MGB kì í kọ́kọ́ wo ọ̀dà. Yóò kúnlẹ̀, yóò sì fi irin òòfà kékeré, irú èyí tí a fi ń lẹ ìwé mọ́ ara fíríìjì, tọ́ irin gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn wò láti táyà iwájú dé tẹ̀yìn. Bí òòfà bá já bọ́, ó ti mọ̀ pé pọ́tì ni, kò sì ní gba ohunkóhun tí ẹ bá tún sọ gbọ́ mọ́. Irin náà kì í sì í ṣe ẹ̀ṣọ́: MGB kò ní ṣáàsì tí ó dá dúró, ara ọkọ̀ náà ni ó gbé ara rẹ̀ ró, nítorí náà ẹni tí ó bá fi pọ́tì bo irin jíjẹrà níbẹ̀ ń fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu.

Àtúnṣe gidi ńkọ́? Jíjó irin tuntun mọ́ ọn gba owó púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni MGB kò ṣọ̀wọ́n, nítorí èyí tí wọ́n ṣe ní ìlú Abingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín 1962 sí 1980 lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ìdí nìyẹn tí owó àtúnṣe fi sábà máa ń ju iye tí ọkọ̀ náà yóò mú wá lọ. Ṣùgbọ́n ìdí kan náà ni ó fi ṣeé tà bí ó ṣe wà: ẹ̀yà ara rẹ̀ wọ́pọ̀, àní láti 1988 ni wọ́n ti tún ń ṣe odindi ara ọkọ̀ náà ní tuntun. Bọ́ńpà irin dídán ti 1972 sì wu ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ju ti rọ́bà dúdú tí ó dé ní ìparí 1974 lọ.

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo ibi tí ìpaara ti jẹ, títí kan ibi tí àtàǹpàkò lè gún wọlé. Ẹ má fi ipá tan ẹ́ńjìnnì tí ó ti sùn láti ọdún mọ́kànlá. Ẹ kàn kọ ọ́ pé ẹ kò tíì tan án. Ẹ kó rìsíìtì àtijọ́ jọ. Kí ẹni tí ó bá rà á fi tírélà gbé e lọ.

Ní ọjọ́ tí owó bá wọlé, ẹ fún un ní ìwé pélébé tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ sì fi tó DVLA, àjọ ìjọba tí ó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ níbẹ̀, létí kí ẹ tó wọ bàlúù, nítorí bí orúkọ yín bá ṣì wà lórí ọkọ̀ náà, ẹ̀yin ni lẹ́tà owó ìtanràn yóò máa wá.