Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Kẹ̀kẹ́ Oníṣọ́kì Méjì Wo Ló Bá Yín Mu?

Kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní ṣọ́kì níwájú àti lẹ́yìn ni gbogbo lẹ́tà tí a mú lóṣù yìí dá lé lórí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan yé ara wa: bí a bá pe “ìrìn”, ibi tí táyà lè gòkè dé kí ṣọ́kì tó kan òpin ni a ń sọ. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òun sì ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí àwọn tó ń ta kẹ̀kẹ́ máa ń pariwo.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Akóbọ̀ n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, Bódìjà ni ibi iṣẹ́ mi wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di Sátidé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi a gba ọ̀nà oko níhà Mọ́níyà. Mo ga tó mítà 1.75, mo wúwo tó kílò 82. Ẹnì kan fẹ́ ta kẹ̀kẹ́ tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 160 fún mi, ẹlòmíràn ní ti 120. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú 160, pé ohun tó bá pọ̀ kò lè dín. Kí lẹ rí sí i?

Ẹ mú 120. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀rẹ́ yín sọ yẹn kò bá kẹ̀kẹ́ mu rárá, torí gbogbo ìrìn tí ẹ bá fi kún un ni ẹ ó máa fi ẹsẹ̀ ara yín wà gòkè. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ ka wákàtí tí ẹ ń lò lórí kẹ̀kẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wo ibi tó ń bá lọ. Ọ̀nà ọlọ́dà ló kó èyí tó pọ̀ jù, ọ̀nà oko ló tẹ̀ lé e. Kí ló sì wà lójú ọ̀nà oko wa? Ilẹ̀ pupa, gọ́tà tí omi òjò gbẹ́ la ọ̀nà kọjá, gbòǹgbò igi, ojú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó gbẹ tó sì le bí àpáta nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìrìn 120 tí wọ́n bá tò dáadáa á gbé gbogbo ìyẹn mì.

Bí wọ́n ṣe pín wọn rèé. Èyí tí wọ́n fi ń sáré ìje, tí wọ́n ń pè ní XC, ìrìn rẹ̀ jẹ́ 100 sí 120. Èyí tí wọ́n ń pè ní trail gba 120 dé 150; ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè tó sì fẹ́ gbádùn ìsọ̀kalẹ̀ ni. Enduro jẹ́ 150 dé 180, fún ẹni tó ń fara da gígun òkè nítorí àtisọ̀kalẹ̀. Downhill tó 200, ọkọ̀ ló sì yẹ kó máa gbé òun lọ sókè. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, títì ni yóò máa tì í gun Òkè Àrẹ̀.

Nọ́ńbà kejì tó yẹ kí ẹ wò ni igun orí férémù, níbi tí fọ́ọ̀kì (apá tó di táyà iwájú mú) ti wọlé. XC máa ń wà ní nǹkan bíi dígírì 67 tàbí 68, trail ní 65 sí 66, enduro ní 63 sí 65. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni fọ́ọ̀kì ń nà síwájú sí i. Lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, nínà yẹn ni kì í jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ takìtì síwájú. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń gun òkè jẹ́jẹ́, táyà iwájú á máa yà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó mutí yó, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ àti ẹ̀yìn tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ fi ìwúwo kún un: kẹ̀kẹ́ 160 sábà máa ń tó kílò 15 tàbí 16, ti 120 á wà ní nǹkan bíi 13. Kílò méjì àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré.

Bó bá jẹ́ pé àpáta bíi ti Ìdànrè ni ẹ ń sọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ò bá sọ nǹkan mìíràn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ “reach” sí nínú ìwé kẹ̀kẹ́ náà. Òun ló ń sọ bí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yóò ṣe jìnnà sí yín nígbà tí ẹ bá dìde dúró lórí pẹ́dà. Ẹni tó ga bíi tiyín á wà ní àlàáfíà láàárín mìlímítà 450 sí 470. Orúkọ M tàbí L tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù kò tó gbára lé, ohun tí ilé iṣẹ́ kan ń pè ní M ni òmíràn ń pè ní L. Ní ti táyà, ínṣì 29 ni kí ẹ mú. Ó ń gun orí gọ́tà kọjá níbi tí 27.5 ti ń já sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, mo ra kẹ̀kẹ́ trail kan, ìrìn rẹ̀ jẹ́ 130, afẹ́fẹ́ ló wà nínú ṣọ́kì méjèèjì. Kílò 52 ni mí. Ẹni tó tà á fi afẹ́fẹ́ tó jẹ́ psi 170 sí ṣọ́kì ẹ̀yìn. Tí mo bá jókòó, rọ́bà róbótó tó wà lára ṣọ́kì kì í sún ju mìlímítà 7 lọ, ó sì ń gbọ̀n mí jìgìjìgì bíi kẹ̀kẹ́ tí kò ní ṣọ́kì rárá. Ṣé kí n pààrọ̀ ṣọ́kì náà ni? Obìnrin olùkàwé, Ṣáńgo.

Ẹ má pààrọ̀ nǹkan kan, ìyá wa. Afẹ́fẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fún yín. Psi 170 á bá ẹni tó wúwo tó kílò 77 mu.

Ẹ wo ara ṣọ́kì tàbí inú ìwé rẹ̀, ẹ ó rí gígùn tí ọ̀pá rẹ̀ lè wọlé. Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ onírìn 130, nǹkan bíi 50 ni. Mìlímítà 7 nínú 50 jẹ́ ìdá 14 nínú 100. Ohun tí à ń wá ni ìdá 28 sí 30, ìyẹn 14 tàbí 15. Ṣọ́kì gbọ́dọ̀ ti wọlé díẹ̀ kí ẹ tó gbéra, kó lè ráyè na ara rẹ̀ sínú kòtò kí táyà má baà fi ilẹ̀ sílẹ̀. Tiyín kò ní ibi tí yóò nà sí, ìdí nìyẹn tó fi ń ta yín nù.

Ẹ ra pọ́ǹpù ṣọ́kì, èyí tó kéré tó ní géèjì tó ń ka dé 300. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà láéláé. Ẹnu ṣọ́kì jọ ti táyà mọ́tò, ó sì lè tan èèyàn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó wà nínú ṣọ́kì kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ẹ̀rọ ńlá kì í lè wọn ìyẹn.

Kílò 52 jẹ́ nǹkan bíi páùn 115; iye páùn yín ni ẹ ó kọ́kọ́ fi ṣe psi ṣọ́kì ẹ̀yìn, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti psi 115. Ẹ tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí ẹ bá ti dé nọ́ńbà yẹn, ẹ yọ pọ́ǹpù, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ìjókòó mọ́lẹ̀ jẹ́jẹ́ nígbà mẹ́wàá. Yàrá afẹ́fẹ́ méjì ló wà nínú ṣọ́kì, títẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n dọ́gba. Ẹni tí kò bá ṣe é, nọ́ńbà tó rí lórí géèjì ń tàn án ni. Ẹ ó gbọ́ “ṣìì” bí ẹ ṣe ń yọ pọ́ǹpù. Afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá pọ́ǹpù nìyẹn, kì í ṣe ti ṣọ́kì. Tí ẹ bá tún dá pọ́ǹpù padà, géèjì á fi nǹkan bíi psi 5 sí 10 kéré sí ti tẹ́lẹ̀ nítorí pé ọ̀pá náà gba díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé ṣọ́kì wọn ń jò nítorí èyí.

Ẹ wọ bàtà àti báàgì tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́, kí ẹnì kan di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ jókòó jẹ́jẹ́, ẹ má jó lórí rẹ̀. Ẹ sún rọ́bà róbótó náà títí yóò fi kan ẹnu ṣọ́kì, kí ẹ sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn ibi tó dé. Tó bá kéré sí 14, ẹ tú psi 5 sílẹ̀. Tó bá ju 15 lọ, ẹ fi 5 kún un. Ní ti fọ́ọ̀kì iwájú, dídúró lórí pẹ́dà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ìdá 20 sì tó: 26 nínú 130.

Ó ku bọ́tìnì pupa. Òun ló ń sọ bí ṣọ́kì yóò ṣe yára padà sókè. Ẹ yí i sí ọ̀nà aago títí yóò fi dúró, kí ẹ wá máa yí i padà kí ẹ sì máa ka bó ṣe ń dún kẹ̀, kẹ̀. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti márùn-ún, kí ẹ tún ṣí i ní ìdún kan tàbí méjì, torí ẹni tó fúyẹ́ ń lo afẹ́fẹ́ tí kò pọ̀, afẹ́fẹ́ tí kò pọ̀ kò sì ní agbára láti ti ṣọ́kì tí wọ́n dè pinpin. Ẹ jókòó, kí ẹ gun kẹ̀kẹ́ bọ́ sílẹ̀ láti etí ọ̀nà tó ga bí ìka ọwọ́ méjì sí mẹ́ta. Ó yẹ kó dìde lẹ́ẹ̀kan kó sì jókòó. Tó bá jó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dè é ní ìdún kan.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra tòkúnbọ̀. Báwo ni n ó ṣe mọ èyí tó ti kú?

Ẹ fi ọṣẹ fọ férémù kí ẹ tó wò ó, torí eruku máa ń bo ojú ìlà mọ́lẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn ibi tí fọ́ọ̀kì wọlé, ibi tí ṣọ́kì dúró sí lórí férémù, àti apá méjèèjì tó di táyà ẹ̀yìn mú lẹ́bàá ibi pẹ́dà. Bí ìlà kan bá wà nínú ọ̀dà tí èékánná yín ń kọ́, ẹ dìde níbẹ̀. Wọ́n máa ń jó alumíníọ̀mù tó ya mọ́ra, ṣùgbọ́n ojú ibi tí wọ́n bá jó kì í lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ wá fi èékánná fa ọ̀pá dídán tó wà lára fọ́ọ̀kì àti ti ṣọ́kì. Bí nǹkan bá ti ha ọ̀pá náà níbi tí rọ́bà ìdáàbò ti ń kọjá, ojú ibẹ̀ á máa gé rọ́bà náà, ọ́ìlì á sì tún máa jò bí ẹ bá tilẹ̀ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Ẹ di ìjókòó mú, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí táyà ẹ̀yìn yóò fi fẹ́ kúrò nílẹ̀. Tí ẹ bá gbọ́ “kọ̀”, búúṣì ṣọ́kì tàbí béárìn oríkèé (ibi tí apá ẹ̀yìn férémù fi ń gòkè sọ̀kalẹ̀) ti jẹ. Ẹ tọrọ àyè láti tú ṣọ́kì kúrò; bóòtì méjì péré ni. Ẹ wá mi apá ẹ̀yìn sókè sódò: ó gbọ́dọ̀ lọ geere. Ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì: kò gbọdọ̀ mì rárá. Béárìn jíjẹ kì í ṣe ohun tó yẹ kó lé yín sá, torí nọ́ńbà ni wọ́n fi ń ra á: 6900, 6902, 6802, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀. Ẹ mú èyí tó ti jẹ lọ́wọ́ lọ bá àwọn tó ń ta béárìn ní Gate n'Ìbàdàn, kí ẹ ní èyí tí rọ́bà bò lójú méjèèjì ni ẹ fẹ́. Férémù tó ní oríkèé kan ṣoṣo ń jẹ béárìn díẹ̀; a fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ máa tún kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ ṣe.

Ohun tó yẹ kó lé yín sá ni ṣọ́kì tó ti wọlé tí kò jáde mọ́, tó rọ̀ bí ẹni pé ó ń sùn. Afẹ́fẹ́ ti sá lọ sí yàrá kejì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u níbẹ̀, torí agbára tó wà nínú rẹ̀ lè fò jáde kó ṣe èèyàn léṣe.

Ẹ kọ ìwọ̀n ṣọ́kì sílẹ̀ pẹ̀lú, láti ojú ihò bóòtì kan sí èkejì àti gígùn ibi tó ń wọlé: 190 sí 51 àti 200 sí 57 wọ́pọ̀ lára ti àtijọ́, 210 sí 50 àti 230 sí 65 lára ti ìsinsìnyí. Wọn kì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì. Ṣọ́kì tó bá wọlé jù á jẹ́ kí táyà fi orí gbá férémù. Ẹ béèrè iye rọ́bà ìdáàbò rẹ̀ àti irin kékeré tí gíà ẹ̀yìn so mọ́ (férémù kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀) kí ẹ tó dúnàá-dúrà. Ibi tí owó ń gbà jò nìyẹn.

Ọmọ mi fẹ́ kẹ̀kẹ́ oníṣọ́kì méjì tuntun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Owó rẹ̀ kò wọ́n rárá. Ṣé kí n rà á fún un?

Ẹ tẹ ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì. Tó bá ń jó sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹta, sípíríìnì lásán ni, kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀ tí yóò mú un rọlẹ̀. Nínú ṣọ́kì gidi, ọ́ìlì ló ń gba ihò tóóró kọjá tó sì ń dí i lọ́wọ́. Irú èyí tí ẹ rí yìí wúwo, ó sì ń ta ọmọ nù lórí kòtò dípò kó gbà á. Iye owó kan náà, ẹ fi ra èyí tí iwájú nìkan ní ṣọ́kì, tó ní búréèkì tó dára.

Èwo ló ń ba ṣọ́kì jẹ́ jù, ọyẹ́ tàbí òjò?

Ọyẹ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń fi omi alágbára fọ mọ́tò ló ń parí iṣẹ́ náà. Eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọ́ìlì fẹ́lẹ́ tó wà lára ọ̀pá, á di bíi yanrìn, á sì máa ha á. Omi alágbára á wá ti ìyẹn gba abẹ́ rọ́bà wọ inú béárìn. Aṣọ rírọ̀ àti omi ọṣẹ nínú garawa tó. Ẹ má fi kẹrosíìnì kan rọ́bà, ó lè wú. Ẹ nu ọ̀pá náà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gun kẹ̀kẹ́ tán, kí ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ wọlé, nígbà tí eruku kò tíì le.

Lẹ́yìn wákàtí 50 lórí kẹ̀kẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú apá ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀kì kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì àti fóòmù abẹ́ rọ́bà, kí wọ́n sì ṣí ilé afẹ́fẹ́ ṣọ́kì ẹ̀yìn kí wọ́n fi gírísì tuntun sí i. Fún ẹni tó ń gùn ún wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀, oṣù méjì nìyẹn. Nígbà ọyẹ́, ẹ ṣe é ní ogójì wákàtí. Ẹ tún fi sípánà tó ń ka ìwọ̀n agbára wo àwọn bóòtì oríkèé nígbà náà. Iye agbára (Nm) tí ẹ ó dè wọ́n dé sábà máa ń wà lórí bóòtì fúnra rẹ̀.