Ẹ sọ bàbá di ìlànà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde. Oníbàárà mi kan tó ń ta ìwé àti bírò ní Òkè-Ajé ní kí n ṣe pátákó fún ṣọ́ọ̀bù òun. "Stationary" ni mo kọ, ló bá dá a padà, ó ní "stationery" ló yẹ kó jẹ́. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹgbẹ́ kan tó ń múra Ojúde Ọba tún kọ̀, wọn ò gba ìwé ètò wọn lọ́wọ́ mi nítorí "principle" tí mo kọ dípò "principal". Létí tèmi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Kí ni mo lè fi dá wọn mọ̀?

Ìdáhùn: Etí yín ò jẹ̀bi. Òyìnbó gan-an, bákan náà ló ń pe "stationary" àti "stationery", bákan náà ló sì ń pe "principal" àti "principle". Àwa tí ohùn ń jẹ́ ká mọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yàtọ̀, a ti fi gbogbo iṣẹ́ lé etí lọ́wọ́. Fún irú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ojú ni kẹ́ ẹ lò.

"Stationery" ni ìwé, bírò àti àpò lẹ́tà. Ẹ wo "er" tó wà nídìí "paper", òun náà ló wà níbẹ̀. "Stationary" ni ohun tó dúró sójú kan, bíi dáńfó tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ ìkóríta Ṣágámù. Àmọ́ ìyá kan náà ló bí wọn o. Láyé àtijọ́ ní Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń kiri. Ẹni tó ní ìsọ̀ tó dúró sójú kan, pàápàá olùtàwé ẹ̀gbẹ́ yunifásítì, ni wọ́n ń pè ní "stationer". Ọjà rẹ̀ ló wá di "stationery". Pátákó yín ò kúkú purọ́ tán: ṣọ́ọ̀bù oníbàárà yín ò kúrò lójú kan. Ṣùgbọ́n kò ní sanwó fún àlàyé yẹn.

"Principal" ni ọ̀gá iléèwé, òun náà sì ni owó tí èèyàn yá kí èlé tó gorí ẹ̀. "Principle" ni ìlànà. Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìn tì ni alága ọjọ́ náà, ẹ ti sọ bàbá di ìlànà nìyẹn!

Ti "advice" àti "advise" yàtọ̀. Òyìnbó ń gbọ́ ìyàtọ̀ wọn. Àwa la ò ní "z" nínú èdè wa, la fi ń pe méjèèjì ní "s". Ẹ sọ gbólóhùn náà ní Yorùbá: bó bá jẹ́ "ìmọ̀ràn" lásán, "c" ni, bó bá jẹ́ "gbà nímọ̀ràn", "s" ni. "Lose" àti "loose" náà rèé. "Lose" ni kí nǹkan sọ nù mọ́ni lọ́wọ́, "o" kan sì ti sọ nù lára ẹ̀. "Loose" ni ohun tó dẹ̀, tí kò fún.

Ẹ má gbára lé ìlà pupa orí kọ̀ǹpútà o. Ojúlówó ọ̀rọ̀ ni méjèèjì, kò ní fà á sídìí ìkankan. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo jáde, kí oníbàárà kà á, kó buwọ́ lù ú, kẹ́ ẹ tó tẹ ìyókù.