Ilẹ̀ Etíkun Nílẹ̀ Òkèèrè: Kí Ni Òfin Gba Àjèjì Láyè Láti Ní?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olótùú. Ọ̀ffà ni mo ti ń tajà. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣòwò ní Accra rí ilẹ̀ kan létíkun ní Prampram, ó sì fẹ́ kí a dáwó jọ rà á, kí a kọ́ ilé àlejò síbẹ̀. Ẹni tó ń tà á ní títà pátápátá ni, pé ó di tiwa àti ti àwọn ọmọ wa. Mo fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ohun kejì ni pé bàbá wa tó ti dolóògbé ra ilé kan ní Accra ní 1961, kí wọ́n tó lé wọn wálé. Ìwé ilé náà ṣì wà nínú àpótí ìyá wa. Ṣé tiwa ṣì ni? — Ìyá Ìbejì, Ọ̀ffà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Ìyá Ìbejì. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Abala 266 nínú òfin ìpìlẹ̀ Ghana ti ọdún 1992 sọ ọ́ kedere pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ghana kò lè ní ilẹ̀ níbẹ̀ láìní gbèdéke ọjọ́, àti pé òfo ni ìwé àdéhùn yòówù tó bá fẹ́ fún un ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àjèjì lè gbà ni ìyálò ọlọ́jọ́ gígùn tí àwọn lọ́yà ń pè ní líìsì, èyí tí kò gbọdọ̀ ju 50 ọdún lọ lẹ́ẹ̀kan. ECOWAS jẹ́ kí á lè wọ Ghana láìgba físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n kò sọ wá di ọmọ Ghana.

Mo ka ìwé náà. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ wọ́n ní àwọn ta ilẹ̀ náà pátápátá. Ní ojú ewé kẹta wọ́n kọ 99 ọdún. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn, kò sì sí èyí tí òfin gbà fún ọmọ Nàìjíríà nínú wọn. Mo fura pé 99 ọdún yẹn ló fọkàn yín balẹ̀, nítorí òun ni a mọ̀ mọ́ ìwé C of O nílé. Ẹnì kan ṣoṣo ló tẹ̀ka ní orúkọ ìdílé, kò sì sí àwòrán ilẹ̀ tí sọ́fíọ̀ yà nínú rẹ̀ rárá. Ní Ìlọrin níbí, ẹni tó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ agboolé kan láìjẹ́ pé Mágàjí àti àwọn àgbà mọ̀ sí i, ẹjọ́ ló fowó rà. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́hùn-ún, nítorí púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ti ìdílé tàbí ti àga oyè, ìyẹn ilẹ̀ ìlú tí ọba tàbí ìjòyè ń mójú tó. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ àga oyè, abala 267 kò gbà kí wọ́n tà á pátápátá fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọmọ Ghana fúnra rẹ̀. Kí wá ni ọkùnrin yìí ń tà fún yín?

Kí àbúrò yín gba àwòrán ilẹ̀ náà lọ́wọ́ sọ́fíọ̀ tó níwèé àṣẹ, kí ó gbé e lọ sí Lands Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀, ní Accra, kí ó sanwó kí wọ́n yẹ ìwé wò, kí ó lè mọ orúkọ ẹni tí ilẹ̀ náà wà ní àkọsílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí lọ́yà tirẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, kọ líìsì tí yóò sọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe bí ọjọ́ bá pé àti ẹni tí yóò ni ilé tí ẹ bá kọ́ sórí rẹ̀. Kí wọ́n sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi orúkọ ọmọ Ghana kan rà á, ẹ má gbà. Orúkọ tó wà nínú ìwé ni ilé ẹjọ́ yóò kọ́kọ́ wò, ó sì ṣòro kí ènìyàn lọ bá adájọ́ pé òun fẹ́ fọgbọ́n yẹ òfin sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnìkejì òun dalẹ̀.

Àwa tí odò Ọ̀yun àti Asà ni omi ńlá tí ojú wa mọ̀ kì í tètè rántí pé òkun a máa jẹ ilẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, omi òkun ya wọ agbègbè Keta ní ìlà-oòrùn Ghana, ó sì sọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn di aláìnílé. Ẹ béèrè ibi tí omi ń dé lọ́wọ́ àwọn apẹja ibẹ̀.

Ní ti ilé bàbá yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. Abala 266 kan náà sọ pé ilẹ̀ tí àjèjì ti rà pátápátá kí 22 oṣù Kẹjọ 1969 tó dé di líìsì 50 ọdún láti ọjọ́ náà, pẹ̀lú owó ìṣákọ́lẹ̀ tí kò tó nǹkan, àti pé Ààrẹ ló di ẹ̀tọ́ tó kù mú fún àwọn ará Ghana. Nígbà tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Ghana nígbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, tí àwọn bàbá wa di ẹrù wálé sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin, líìsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà; 50 ọdún rẹ̀ sì pé ní oṣù Kẹjọ 2019. Àyàfi bí bàbá yín bá ti di ọmọ Ghana nígbà náà, ìwé inú àpótí yẹn nìkan kò fi ilé náà sọ́wọ́ yín mọ́. Síbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù: òun ni ẹ óò mú lọ sí Lands Commission bí ẹ bá fẹ́ béèrè fún líìsì tuntun.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ní Texas fẹ́ ra ilé etíkun ní Mexico. Wọ́n ní báńkì ni yóò bá a ra ilé náà. Ṣé kì í ṣe gbájú-ẹ̀? — Alhaji, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe gbájú-ẹ̀, Alhaji. Òfin ìpìlẹ̀ wọn kò gbà kí àjèjì ní ilẹ̀ ní tààrà láàárín 50 kìlómítà sí òkun tàbí 100 kìlómítà sí ẹnubodè. Báńkì ibẹ̀ ni yóò di ìwé náà mú nínú ètò tí wọ́n ń pè ní fideicomiso, fún 50 ọdún tó ṣeé tún ṣe, ọmọ yín yóò sì lè gbé ilé náà, kí ó fi rẹ́ǹtì, tàbí kí ó tà á. Kí ó ṣọ́ra fún ilẹ̀ àjùmọ̀ní àwọn àgbẹ̀, ejido, tí wọ́n máa ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Bí ẹni tó ń tà bá sì sọ pé iyanrìn etí omi wà lára ohun tó ń tà, irọ́ ni: ti ìjọba àpapọ̀ ni 20 mítà ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi ga dé, ìwé àṣẹ ìlò nìkan ni ènìyàn lè gbà lórí rẹ̀.