Ara bàálù ni ọ̀kadà ti gba orúkọ

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀kadà tẹ́ ẹ ní ṣé lóòótọ́ ni pé ara bàálù ló ti gba orúkọ, bẹ́ẹ̀ náà ni. Okada Air ni, iléeṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní Benin lọ́dún 1983, Okada sì ni ìlú bàbá náà. Àmọ́ alùpùpù tó ń gbé èrò nìkan là ń pè bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe mààṣíìnì tẹ́nì kan fi ń lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀.

Irú bàálù tí wọ́n ń pè ní BAC One-Eleven ni wọ́n kó jọ, tòkunbọ̀ ni, ariwo ẹ̀ pọ̀ jàre! Nílé wa l'Óṣòdì nígbà yẹn, tó bá ti ń kọjá lórí òrùlé, abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù á máa gbọ̀n, màmá mi á dákẹ́ ọ̀rọ̀ títí tó fi máa lọ tán, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí.

Ọ̀kan já nítòsí Sókótó ní 1991, iléeṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 1997, wọ́n wá pa àwọn bàálù yẹn tì sí pápákọ̀ Benin, òjò ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n, ó dùn mí gan-an. Nígbà tí irú bàálù yìí tó jẹ́ ti iléeṣẹ́ mí ì já ní Kano ní 2002, ìjọba ní kó má fò mọ́.