Sọ ọ́ fún ìyá rẹ lálẹ́ òní: ọ̀rọ̀ aṣọ́lé kan tó ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀

Àbúrò mi ará Ṣábẹ, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí o kọ. O ní o ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, o ti dé láti òkè òkun láti oṣù mẹ́rin, kíláàbù rẹ jẹ ọ́ ní owó oṣù márùn-ún, àwọn ará ilé sì rò pé ìsinmi lo wá lò. O ní ọkùnrin kan ń bèèrè 800,000 sẹ́fà lọ́wọ́ rẹ kó lè bá ọ wá kíláàbù mìíràn. O wá ń bèèrè báwo ni àwa tí a ti kọjá níbẹ̀ ṣe ṣe é nígbà tí bọ́ọ̀lù tán lẹ́sẹ̀ wa.

Tèmi tán lọ́wọ́ ni, torí aṣọ́lé ni mí. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi jẹun nídìí bọ́ọ̀lù. Ohun tí o ń ṣe fún àwọn ará ilé rẹ báyìí, èmi náà ṣe é fún ọdún méjì àti ààbọ̀, ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi ju ohun tí gbogbo ìfarapa mi gbà lọ.

Kétu ni wọ́n bí mi sí ní 1976. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló mú mi wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), olú ìlú Bẹ̀nẹ̀, kí n lè lọ ilé-ìwé, orí yanrìn ẹ̀bá ọ̀sà ni mo sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò mú bọ́ọ̀lù. Ìbọ̀wọ́ àkọ́kọ́ tí mo ní, ti bíríkìlà ni. Rọ́bà rẹ̀ ti gbó, bọ́ọ̀lù tó bá ti rin omi a yọ̀ bọ́ lára rẹ̀ bí ẹja àrọ̀. Ní 1992 ni wọ́n ṣòfin pé aṣọ́lé kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ mú bọ́ọ̀lù tí ará ikọ̀ rẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ gbá sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Àwọn aṣọ́lé àgbà bínú sí òfin yẹn gan-an, ṣùgbọ́n ó ṣe mí lóore, torí èmi ti ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn tipẹ́tipẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gba owó nídìí iṣẹ́ yìí. Ọjọ́ tí mo dúró sẹ́nu ilé ní pápá Charles de Gaulle níbí ní Àjàṣẹ́, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń fi ìlù pe orúkọ mi, n kò tíì gbàgbé rẹ̀ títí dòní, n kò sì fẹ́ gbàgbé rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ mi fún ọ. Ìka àárín àti èyí tó tẹ̀ lé e ní ọwọ́ òsì ti yẹ̀ tó ìgbà tí n kò kà mọ́. Bó bá ti yẹ̀ báyìí, olùtọ́jú a sáré wọ pápá, a di ìka náà mú, a ní kí n máa wo òkè, a fà á, mo máa ń gbọ́ ọ tí yóò dún. Lẹ́yìn náà a fi báńdéèjì dè é mọ́ ìka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, eré a sì tẹ̀síwájú. Lónìí àwọn ìka méjèèjì ti ṣẹ́ kọ́rọ́ síta. N kò lè di ẹ̀ṣẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi de bọ́tìnnì ẹ̀wù láàárọ̀.

Ní 2005 mo lọ gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè kan ní apá Àríwá Áfíríkà, nínú ìpele kejì. Ọdún méjì àkọ́kọ́, owó ń wọlé bó ṣe yẹ. Mo ra ilẹ̀ kan sí Kétu, mo ń fowó ránṣẹ́ sílé. Láti oṣù Kejìlá 2007 ni wọn kò san nǹkan kan mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí ààrẹ kíláàbù ń sọ fún wa nìyẹn. Ní oṣù Kìíní 2008, nígbà tí Bẹ̀nẹ̀ wà ní Gánà fún ife ẹ̀yẹ Áfíríkà, tí Mali, Ivory Coast àti Nàìjíríà na ẹgbẹ́ wa tẹ̀léra tẹ̀léra, inú yàrá tí kíláàbù kó wa sí ni mo ti wò ó, gàrí tí ọ̀rẹ́ kan mú wá láti ilé ni mo sì ń mu. Nígbà tí àdéhùn mi parí ní ìparí oṣù Kẹfà, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi, owó yóò wọ báǹkì. Owó oṣù méje ni, 900,000 sẹ́fà lóṣooṣù, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 6,300,000.

N kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí mo dé, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mò ń padà. Mo ní lẹ́yìn ìsinmi. Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àbúrò, ìyókù ń tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìsinmi pẹ́ jù, mo ní kíláàbù kan ní Kútọnu ni mo ń bá ṣe ìgbaradì. Láràárọ̀ mo máa ń gbé báàgì kọ́ èjìká, n ó bọ́ sí ojú ọ̀nà, n ó wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu, n ó jókòó sí gáréèjì títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀, n ó tún wọ mọ́tò padà. Táwẹ́ẹ̀lì kan ló wà nínú báàgì náà. Mo máa ń da omi sí i kí n tó wọlé, kí ìyàwó mi lè sá a.

Àwọn ọmọ àdúgbò a máa kí mi pé "Pro! Pro!", bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo ẹni tó bá ti gbá bọ́ọ̀lù lókè òkun. Nígbà tó yá, etí mi kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ mọ́. "Purọ́, purọ́" ni mò ń gbọ́.

Ẹni tí wọ́n ń pè ní pro kò lè má fowó sílẹ̀ níbi ìkómọ. Kò lè sọ pé òun kò ra aṣọ ẹbí. Mo yá owó lọ́wọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn mẹ́ta, nígbà tí ìyẹn sì há mi mọ́gun, mo ta ilẹ̀ Kétu ní 1,200,000 ní 2009, mo sì fi ná ìnáwó tó tó oṣù mẹ́jọ. Ilẹ̀ yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó kù tí mo lè nawọ́ sí pé bọ́ọ̀lù ló fún mi.

Ní oṣù Kìíní 2011, ọyẹ́ mú gidigidi lọ́dún náà. Mo lọ kí ìyá mi ní Kétu. Ó ń yan gàrí lọ́wọ́. Mo ní kó dìde, kí n bá a ro ó. Mo mú igbá tó fi ń rò ó, mo tì í lọ, mo fà á bọ̀, lẹ́ẹ̀kẹta ìka mi kọ̀, igbá bọ́ sínú agbada. Ìyá mi mú igbá náà jáde, ó wá mú ọwọ́ mi. Ó fọwọ́ kan àwọn ìka náà níkọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n bá ń yẹ ọwọ́ ọmọ tuntun wò. Ó ní, "Ṣé ọwọ́ yìí ni wọ́n tún fẹ́ fi mú bọ́ọ̀lù?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dẹ́kun gàrí tó ń yàn, torí yóò jóná. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Ta ló lè ta ilẹ̀ ní Kétu tí n kò ní gbọ́? Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Àbúrò, àwọn ará ilé rẹ náà ti mọ̀. Bí wọn kò bá mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ti mọ apá kan.

Ìdí tí mo fi ní kí o sọ ọ́ lálẹ́ òní gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí mo sọ fún ìyá mi ni ìtìjú tó kúrò lára mi, tí mo lè gbé ìwé àdéhùn mi lọ fún ọkùnrin kan tó mọ òfin ní Àjàṣẹ́. Oṣù Kẹta 2011 ni. Ó kà á, ó wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, ó ní kí n jókòó dáadáa. Ọdún méjì péré ni FIFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù lágbàáyé, fi sílẹ̀ fún agbábọ́ọ̀lù láti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá, láti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n san owó náà. Owó oṣù tó kẹ́yìn tí wọ́n jẹ mí, ìparí oṣù Kẹfà 2008 ló yẹ kí wọ́n san án. Mo fi oṣù mẹ́jọ pẹ́. Kíláàbù yẹn kọ́kọ́ fi owó mi pamọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtìjú mi ló sé ilẹ̀kùn mọ́ owó náà. Gáréèjì Kútọnu ni mo jókòó sí nígbà tí ọjọ́ ń lọ.

Tìrẹ kò tíì bọ́. Oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀, èyí tó pẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ kọjá, nítorí náà ibẹ̀ ni kí o ti máa kà. Kó gbogbo ìwé jọ: àdéhùn, ìwé báǹkì tó fi hàn pé owó kò wọlé, gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ọ lórí WhatsApp. Má pa fóònù yẹn rẹ́, má sì tà á. FIFA kì í gba owó ìdájọ́ lọ́wọ́ agbábọ́ọ̀lù nínú ẹjọ́ owó oṣù, wọ́n sì ń gba ìwé tí a fi èdè Faransé kọ, nítorí náà má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó ògbufọ̀ lọ́wọ́ rẹ. N kò sọ pé bí o bá jàre owó yóò wọlé lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kíláàbù tó bá kọ̀ láti san lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n lè dá a dúró láti má lè forúkọ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀, ìyẹn sì máa ń dun àwọn ààrẹ kíláàbù dénú eegun.

O kò sọ bóyá àdéhùn rẹ ti parí tàbí kò tíì parí. Bí kò bá tíì parí, má kàn jókòó sílé kí wọ́n má baà sọ pé ìwọ lo sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti 2018 ni òfin ti wà pé bí wọ́n bá jẹ ọ́ ní owó oṣù méjì, o lè kọ̀wé sí wọn, kí o fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí wọn kò bá san, o lè fi àdéhùn náà sílẹ̀ láìjẹ̀bi. Kọ ìwé yẹn lọ́sẹ̀ yìí.

Ti ọkùnrin tó ń bèèrè 800,000: má fún un. Láti 2023 ni FIFA ti tún ń ṣèdánwò fún àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù, orúkọ àwọn tó yege sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wá orúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Bó tilẹ̀ wà níbẹ̀, bi í léèrè ìdí tó fi ń gbowó kó tó ríṣẹ́ fún ọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí kíláàbù kan kò kọ̀wé pè, owó ilé rẹ̀ ni ọkùnrin yẹn fẹ́ kó lọ.

Bí mo ṣe jẹun lẹ́yìn náà? Gàrí ìyá mi. Àpò mẹ́rin ló fún mi lọ́sẹ̀ tí mo sọ òótọ́ fún un, ó ní kí n lọ tà á ní ọjà Wàńdo, kí n mú owó rẹ̀ wá, kí n má sì mú aṣọ tuntun wọ̀ wá. Mo gbé e gba Pọbẹ̀ àti Sàkété wọ Àjàṣẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́jà, àwọn kan dá mi mọ̀, ọ̀kan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ra kóńgò mẹ́wàá nítorí bọ́ọ̀lù tí mo mú nígbà kan tó ṣì ń rántí. Ìtìjú yẹn kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àgbàdo ni mo fi kún un, lẹ́yìn náà ẹ̀pà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi san gbèsè àwọn ènìyàn mẹ́ta yẹn tán. Mo ní ilé ìkẹ́rù kan báyìí, àwọn obìnrin Kétu mẹ́fà ló ń kó gàrí wá fún mi.

Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ kò kúrò lára mi. Ní oṣù Keje 2019, nígbà tí àwa àti Mòrókò wà ní ọ̀kan sí ọ̀kan ní ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Íjíbítì, tí eré ti fẹ́ parí, tí Ziyech ti Mòrókò wá gbá pẹnárítì tó lu òpó, iwájú ṣọ́ọ̀bù ni mo dúró sí, mo sì ti fò sápá òsì kí n tó mọ̀, mo ta àwo ẹ̀pà oníbàárà kan dànù. A jàre wọn nínú pẹnárítì tó gbẹ̀yìn eré, mẹ́rin sí ọ̀kan, gbogbo Àjàṣẹ́ kò sùn mọ́jú. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹkún ayọ̀ ni. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé tó fẹ́ di aṣọ́lé. Mo kọ́kọ́ ń kọ́ wọn bí ìka ṣe ń ṣí sẹ́yìn bọ́ọ̀lù.

Sọ ọ́ fún ìyá rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà, ṣí ìwé báǹkì rẹ, wo ọjọ́ tó yẹ kí owó oṣù àkọ́kọ́ nínú márààrún wọlé, kí o kọ ọjọ́ yẹn síbí fún mi. Ọjọ́ nìkan, má kọ iye owó. Mo ń dúró.