Ọjọ́ Mẹ́fà Yẹn, Ṣé Bí Ọjọ́ Tiwa Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ní ọjà Tejúoṣó níbí, èmi àti Àlàájà tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ kángun síra ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà tán lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní ọjọ́ mẹ́fà tí Ọlọ́run fi dá ayé, wákàtí 24 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ní irọ́ ni, ọjọ́ Ọlọ́run kan ẹgbẹ̀rún ọdún ni, ó wà nínú Kùránì. Ta ló jàre? — Ìyá Ìbejì, Yábà

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà o. Ẹ ò kàn dédé sọ ọ́, torí Jẹ́nẹ́sísì orí 1 ń sọ pé alẹ́ lẹ́, ilẹ̀ mọ́, ọjọ́ kan pé, Ẹ́kísódù 20 náà sì tìtorí ọjọ́ mẹ́fà yẹn ní káwọn Júù máa sinmi ní Sábáàtì. Ṣùgbọ́n ẹ ka Jẹ́nẹ́sísì orí 1 yẹn, ẹsẹ 14 sí 19 o, ọjọ́ kẹrin ni oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé! Kí la wá fi wọn wákàtí 24 ti ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ará Áfíríkà tó kú lọ́dún 430, ti ní irú ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ le fún wa láti mọ̀. Tẹ́ ẹ bá tún dé orí 2 ẹsẹ 4, gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún ló kó pọ̀ sí "ọjọ́ tí Olúwa Ọlọ́run dá ayé àti ọ̀run."

Ó kan Àlàájà. Ẹsẹ yẹn wà lóòótọ́, 22:47 ni, àmọ́ àwọn tó ń kánjú pé kí ìyà dé ló ń dá lóhùn, kì í ṣe ìṣẹ̀dá ló ń sọ, 70:4 sì tún ní ọjọ́ kan tó tó 50,000 ọdún, èwo la fẹ́ mú níbẹ̀? Èyí tó dùn jù ni 41:9 sí 12: ọjọ́ méjì fún ilẹ̀, mẹ́rin fún àwọn òkè àti oúnjẹ orí ilẹ̀, méjì fún sánmọ̀, tẹ́ ẹ bá rò ó pọ̀ ó di mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ 7:54 ní mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ àwọn àfáà ní mẹ́rin yẹn ti gbé méjì àkọ́kọ́ dání, bí ìgbà téèyàn ní láti Ọ̀ṣòdì dé Ojúẹlẹ́gba 20 mínítì, dé Yábà 30 (tí kò bá sí gosiló ṣá), ẹnikẹ́ni ò ní rò ó sí 50.

Àwọn pásítọ̀ wa náà ń fi 2 Pétérù 3:8 ṣe ìṣirò ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n á gbàgbé pé ẹsẹ kan náà ló ní ẹgbẹ̀rún ọdún rí bí ọjọ́ kan.

Nítorí náà Àlàájà jàre pé kò pọn dandan kó jẹ́ wákàtí 24, ẹgbẹ̀rún ọdún tó fi rọ́pò ẹ̀ ni mi ò gbà. Tó bá sì jẹ́ torí àwọn onísáyẹ́ǹsì tó ní ayé ti tó bílíọ̀nù 4.5 ọdún lẹ ṣe ń fa ọjọ́ yẹn gùn, ẹgbẹ̀rún ọdún lọ́nà mẹ́fà, 6,000 péré ni jàre.