Ṣé Ó Ṣì Yẹ Kí A Fẹ́ Èémí Sí Ẹni Tí Ọkàn Rẹ̀ Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ ni mí ní Ìkòròdú, ilé ẹ̀kọ́ wa kò sì jìnnà sí ọ̀sà. Ẹni tó wá kọ́ wa ní ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì sọ pé kí a má ṣe fẹnu fẹ́ èémí sí ẹnikẹ́ni mọ́, kí a ṣáà máa tẹ àyà. Nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò wa ní dandan ni kí a fún un ní èémí. Ta ni kí a gbọ́ tirẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá, Olùkọ́ wa. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó dá ọkàn ẹni náà dúró ló fa ìyàtọ̀.

Bí àgbàlagbà bá ṣàdédé ṣubú lulẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, ọ́síjìn sì ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí kò sí ni agbára tí yóò gbé ẹ̀jẹ̀ náà dé ọpọlọ, iṣẹ́ tí títẹ àyà ń ṣe nìyẹn. Ìdí rèé tí American Heart Association, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àìsàn ọkàn ní Amẹ́ríkà, fi sọ lọ́dún 2008 pé ẹni tí kò kọ́ fífẹ́ èémí, tàbí tí kò lè ṣe é, lè máa tẹ àyà nìkan títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Ọmọ tí a fà jáde nínú ọ̀sà kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Mímí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dúró, ọ́síjìn ara rẹ̀ sì ti tán kí ọkàn tó dákẹ́, débi pé bí a bá ń tẹ àyà rẹ̀ láìfún un ní èémí, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ohun tí ọpọlọ ń fẹ́ nínú la ń tì kiri. Ẹ̀yin tí ẹ wà létí omi, nọ́ọ̀sì yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tilẹ̀ ní kí a kọ́kọ́ fẹ́ èémí 5 sí ẹni tó rì sómi kí a tó tẹ àyà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dorí ọmọ náà kodò tàbí kí ó tẹ ikùn rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ kí omi jáde: àkókò tó yẹ kó fi gba èémí ló ń ṣòfò, èébì sì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le, ẹ rọra ti iwájú orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè kí ahọ́n má baà dí ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu bo ẹnu rẹ̀ pátápátá, ẹ fẹ́ ẹ fún bí ìṣẹ́jú àáyá 1, títí àyà rẹ̀ yóò fi gbéra. Ọmọ ọwọ́ ni a ń fi ẹnu bo ẹnu àti imú rẹ̀ pọ̀, orí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn títẹ àyà nígbà 30, ẹ fẹ́ èémí 2, kí ọwọ́ má sì kúrò láyà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Àyà tó gbéra díẹ̀ ti tó. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀, títí kan ti àwa òṣìṣẹ́ ìlera, ni fífẹ́ èémí líle àti léraléra. Èyí ń ti afẹ́fẹ́ sínú ikùn títí aláìsàn yóò fi bì, ó sì ń mú kí inú àyà fún débi pé ẹ̀jẹ̀ kò lè padà sínú ọkàn dáadáa. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ tí a mí jáde kò wúlò, ṣùgbọ́n ọ́síjìn inú rẹ̀ ṣì tó nǹkan bí ìdá 16 nínú 100, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ lásán jẹ́ 21. Iṣẹ́ àwọn dókítà méjì, James Elam àti Peter Safar, ní Amẹ́ríkà láàárín àwọn ọdún 1950 fi hàn pé ó tó láti gbé ẹ̀mí dúró.

Nílé ìwòsàn, báàgì tí a ń fọwọ́ fún pọ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ èémí sí aláìsàn. Láti Denmark ló ti wá lọ́dún 1956, láti ọwọ́ Henning Ruben àti Holger Hesse. Ó sàn kí ẹni méjì lò ó, kí ẹnì kan fi ọwọ́ méjèèjì di ìbòjú rẹ̀ mú, kí ẹnì kejì máa fún un. Ní ti ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ ra ìbòjú kékeré tí a ń gbà fẹ́ èémí, tó ní ohun tí kò jẹ́ kí èémí aláìsàn padà síni lẹ́nu, kí ẹ fi í sínú àpótí ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì, kí ẹ sì rí i pé ẹlòmíràn ń pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112, bí ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀.